Irin Tó Tẹ̀ Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Mi

Ta ló gbé irin yìí síta? Ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Mo ní kí ẹ gbá yàrá mi, mi ò ní kí ẹ kó ẹrù mi fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Tólú, sáré lé ọkùnrin yẹn bá kó tó yà ní kọ̀rọ̀, kó o sọ fún un pé èyí kò sí lára ohun tí a fẹ́ tà. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó o gbé e padà wá síbí. Ẹ wo bí àyà mi ṣe ń já! Àwọn ọmọ yìí fẹ́ẹ́ pa mí.

Ó dáa, gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ẹ jókòó, gbogbo yín, kí ẹ yé rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé lójú yín pàǹtí ni. Ọ̀pá irin méjì tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin pẹlẹbẹ tó dábùú wọn, bóòtù tó ti dípẹtà nísàlẹ̀. Ìfẹ̀yìntì kẹ̀kẹ́ ni. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà nígbà náà, mi ò sì rí irú rẹ̀ níbì kankan títí dòní. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe é, ti àkọ́kọ́ sì fẹ́ẹ́ rán mi lọ sọ́run.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gun ọ̀kadà láti Ìyànà Ọ̀fà débí, tí ẹ̀ ń fi fóònù sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ò lè mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ fún wa. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni mò ń sọ. Inú abà là ń gbé, a sì nílé n'Ìbàdàn, bíi ti gbogbo èèyàn. Oko kòkó ló dá wa dúró sí abà. Láti abà wa dé títì, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Ó gba inú oko kòkó, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ó gba orí igi méjì tí a tẹ́ ṣe afárá, ó tún wá gun òkè lódìkejì. Mọ́tò kò lè débẹ̀. Ohunkóhun tó bá máa jáde ní abà, yálà kí orí gbé e tàbí kí kẹ̀kẹ́ gbé e.

Tí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbáà ṣe Kérésì, ìbáà ṣe Iléyá, láàárọ̀ kùtù lẹ ó ti máa gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́, girin-girin, láti abà kan dé èkejì. A mọ agogo olúkúlùkù. Ọmọ á wà lórí irin iwájú, ìyá rẹ̀ á jókòó sórí kẹ́ríà lẹ́yìn, á kó ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adìyẹ á dorí kodò lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lọ́dún kan, àkùkọ tí mo so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ sípóòkù níbi tí mo ti ń sáré. Èmi, àkùkọ, àti iṣu la jọ balẹ̀ sínú kòtò. Àwọn tó ń kọjá kí mi kú ọdún kí wọ́n tó fà mí dìde. Ẹ máa rẹ́rìn-ín ìyẹn, mo fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ ṣọdún náà ló ń gbé aláìsàn. Kẹ́ríà yẹn, irin gbalasa lásán ni, kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le á di ìbàdí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ mú. Ẹni tó rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ojú ń ṣú ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́, ìyá àgbà yín, lóyún àkọ́kọ́ nílé mi. Nígbà tó máa bí, ó rọbí títí, ọmọ kò wá. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé e sórí kẹ́ríà. Ó dì mí mú títí a fi kọjá odò. Níbi òkè yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ ti tú lára mi. Kò pariwo. Mo kàn rí i pé kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, ó ti wà nílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí òkúta. Wọ́n gba òun là nílé ìwòsàn, wọn ò rí ọmọ gbà là. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Ó tó ọdún méjì kó tó tún lóyún. Inú wa dùn, ẹ̀rù sì ń bà wá. Ìyá Agbẹ̀bí tó ń gbẹ̀bí nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ, obìnrin kúkúrú kan tí kì í parọ́ tu èèyàn nínú, gbàdúrà fún un, ó fọwọ́ kàn án níkùn, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo ṣe ń rí i yìí, ibi ọmọ ló dí ẹnu ọ̀nà, ọmọ wà lókè rẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má dúró pè mí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ o." A bá fẹnu kò pé tí oyún bá ti wọ oṣù kẹsàn-án, kó lọ máa gbé nílé wa n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ á dúró de oṣù kẹsàn-án? Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo ní mo gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn sí kẹ́ríà yẹn, kó má di pé kẹ̀kẹ́ tún fúyẹ́ mọ́ mi lábẹ́.

Wàhálà kan wá wà níbẹ̀. Ìyá mi ni. Àwọn àti àwa la jọ ń gbé ní abà. Láyé ìgbà náà, èèyàn kì í tọ́jú nǹkan sílẹ̀ de ọmọ tí kò tíì dáyé. Ẹ̀yin ń ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ẹ̀ ń kun ògiri, ẹ̀ ń ya fọ́tò ikùn. Háà! Fìlà kékeré kan péré ni Àbẹ̀kẹ́ rán. Ìyá mi rí i, wọ́n gbà á, wọ́n jù ú sínú iná. Wọ́n ní, "Ta lẹ̀ ń ránṣọ dè? Ṣé ẹ ti rí i lójú ni?" Tí fìlà lásán bá lè bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń ṣe ohun tí màá fi gbé aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀? Wọ́n á ní mò ń fọwọ́ ara mi pe aburú wálé. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan, gbogbo abà ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Ni mo bá ń sọ fún gbogbo ayé pé àpò kòkó ló ń yẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mi, pé mo fẹ́ ohun tó máa gbá a mú. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló mọ òótọ́.

Igi ni mo kọ́kọ́ rò. Káfíńtà fi ìrókò ṣe ọ̀kan. A dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, ó wúwo débi pé iwájú kẹ̀kẹ́ ń gbé sókè. Mo fi ọparun ṣe òmíràn fúnra mi. Ìyẹn fúyẹ́, ó sì wù mí lójú, àmọ́ ibi tí mo ti lu ihò bóòtù gan-an ló ti là sí méjì. Mo wá lọ bá Múfú, ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ọ̀dán ní Ìyànà Ọ̀fà. Mo ní ṣé kí n gbé kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn wẹ́dà n'Ìbàdàn kí wọ́n jó irin mọ́ ọn. Múfú fò sókè.

"Iná kẹ̀? Lára páìpù tó tín-ín-rín báyìí? Tí kò bá jó wọnú, á rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa sọ ẹ́ sílẹ̀. Bóòtù ni kó o fi dè é, jàre. Lọ bá Bàbá Alágbẹ̀dẹ."

Ẹ̀yìn ọjà ni àgbẹ̀dẹ Bàbá náà wà. Tí ẹ bá ń sún mọ́ ọn, ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, tó ń mí fìì, fìì, kí ẹ tó gbọ́ owú tí wọ́n fi ń lu irin. Àwọn tó ń ta káàdì fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi gbé?"

"Kòkó ni, Bàbá."

"Àpò kòkó ò le." Wọ́n fa sípíríǹgì mọ́tò àlòkù kan yọ, irú irin tí wọ́n fi ń rọ àdá. Wọ́n fi í sínú iná, wọ́n lù ú, wọ́n tún un lù, wọ́n tì í bọ omi níbi tó ti pọ́n yòò. Omi hó ṣààà. Wọ́n wá fi òòlù kàn án, ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. "Èyí ò ní tẹ̀ láéláé," wọ́n ní, inú wọn dùn.

Lóòótọ́ kò tẹ̀. Mo gbé kòkó lọ sí títì léraléra, àpò ò yẹ̀ rárá. Mo wá fọ́nnu délé. Àbẹ̀kẹ́ yí irin náà po, ó wò ó, kò rẹ́rìn-ín.

"Kòkó ò ní jà," ó ní. "Kòkó ò ní ṣàdédé fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ jókòó sí i fúnra yín, kí Múfú gbé yín, ká wò ó."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò gba àríyànjiyàn. Múfú wá, ó ń dápàárá pé òun ò rí àpò kòkó tó nírùngbọ̀n rí. A gbéra, a ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Mo fi gbogbo ara mi ti irin náà, bí ẹni tó dákú ṣe máa ṣe. Táyà gun gbòǹgbò kan, mo gbọ́ kàù! Ẹ ó rò pé wọ́n yìnbọn ni. Irin yẹn ò mì tẹ́lẹ̀, kò dún tẹ́lẹ̀, kò tẹ̀. Ó kàn dá. Mo fẹ̀yìn gbálẹ̀, èyí tó já nínú rẹ̀ sì wọ̀ mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wo àpá rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ó ti jinná kí wọ́n tó bí ìyá yín.

Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká ní Àbẹ̀kẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, Múfú rò pé mò ń kú lọ ni, ó ń ké pe Ọlọ́run.

Àbẹ̀kẹ́ ló fọ ọgbẹ́ náà fún mi. Ó ní, "Ẹ lọ sọ òótọ́ fún Bàbá yẹn."

Mo ní, "Tí Ìyá bá gbọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Tí mo bá tún já bọ́ ńkọ́?"

Mo lọ. Mo pe Bàbá Alágbẹ̀dẹ sí kọ̀rọ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn, títí kan ti ọmọ àkọ́kọ́. Bàbá ju ẹ̀mú ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Èèyàn! O jẹ́ kí n fi irin àdá ṣe ẹ̀yìn fún èèyàn! Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Wọ́n bú mi, wọ́n tún mi bú, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n mú ọkọ́ tuntun kan.

"Wò ó. Ojú ọkọ́ yìí, mo tì í bọ omi, ìdí nìyẹn tó fi le tó ń gé. Ìrù rẹ̀ tó wọnú igi yìí, mi ò jẹ́ kó fojú kan omi. Ìrù yìí ló ń gba gbogbo agbára ọwọ́ àgbẹ̀. Tí mo bá mú un le, òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló máa dá. Ohun tó máa gbé èèyàn, bí mo ṣe ń ṣe ìrù ọkọ́ ni màá ṣe é."

Ọ̀pá irin rírọ̀ tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé ìwé ni wọ́n mú lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti fi okùn wọn ẹ̀yìn Àbẹ̀kẹ́ láti ìbàdí dé èjìká, ìwọ̀n yẹn ni wọ́n rọ ọ́ sí. Nígbà tó pọ́n, wọn ò tì í bọ omi. Wọ́n rì í mọ́nú eérú gbígbóná, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Mo ní ká fi awọ màlúù tútù wé e, pé tó bá gbẹ á fún dáadáa. Wọ́n ní rárá, àsìkò òjò la wà, awọ tó bá mu omi á tú. Rọ́bà inú táyà ni Múfú gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi wé e, kó má bàa gún un lẹ́yìn.

Bàbá gbé e lé mi lọ́wọ́. "Èyí lè tẹ̀ o, mi ò ní tàn ẹ́. Tó bá fẹ́ tẹ̀, á kọ́kọ́ kérora, wàá gbọ́ ọ. Má dúró torí ìkérora rẹ̀. Kò ní dá."

Ìyá mi rí i lára kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí mo dè é. Wọ́n fi ìka tẹ rọ́bà náà. "Kòkó ló nílò ohun tó rọ̀ báyìí?"

"Kó má bàa ya àpò ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá wọlé lọ. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti gbọ́ ohùn wọn, màá gba ẹ̀yìn ilé sá lọ.

Oṣù kẹjọ oyún náà ń parí lọ. A ti pinnu pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Àbẹ̀kẹ́ á lọ sí Ìbàdàn. Òjò rọ̀ mọ́jú, nígbà tó dá, gbogbo ọkùnrin abà gba oko lọ. Mò ń tún ilé adìyẹ ṣe nígbà tó pè mí láti inú yàrá. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló já mi láyà. Mo wọlé, ìró rẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Ó ti dé o."

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé e sórí kẹ̀kẹ́. Mo fi gèlè rẹ̀ dè é mọ́ irin náà láyà, mo ní kó fẹ̀yìn tì í dáadáa. Mo ní, "Tí mo bá ti pè ọ́, dá mi lóhùn." Ó ní òun gbọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́, a wọ inú oko kòkó. Ilẹ̀ ń yọ̀, ewé kòkó ń da omi sí wa lórí.

"Àbẹ̀kẹ́!"

"Mo wà."

"Àbẹ̀kẹ́!"

"Mo wà, ẹ máa lọ."

Nígbà tí a máa fi dé odò, ohùn yẹn ti ń lọ sílẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ gba orí igi afárá, ẹsẹ̀ mi ń yọ̀, omi ń hó nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ irin náà. Kìn-ìn-ìn. Kìn-ìn-ìn. Mo wẹ̀yìn: ó ti ń wọ́ sápá òsì, Àbẹ̀kẹ́ ń bá a wọ́ lọ. Mo fẹ́ dúró. Àbẹ̀kẹ́ la ojú díẹ̀, ó ní, "Ẹ má dúró o."

Òkè yẹn ló kù. Òkè tó ti já bọ́ níjọ́sí. Mò ń ti kẹ̀kẹ́, mo ṣubú lé orúnkún, mo dìde, ọwọ́ mi kan ni mo fi mú kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ fi èkejì di irin mú, kò tó. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá mi ló ń bọ̀ lókè yẹn, wọ́n ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí.

Wọ́n dúró. Wọ́n wo Àbẹ̀kẹ́, wọ́n wo gèlè tí mo fi dè é, wọ́n wo irin kòkó. Mo ní ó ti tán, wọ́n máa figbe bọ ẹnu, wọ́n máa dá wa dúró níbẹ̀, ọmọ máa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Agbọ̀n yẹn balẹ̀ gbì, ẹ̀gẹ́ yí dà nù. Ìyá mi sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá irin náà mú.

"Kí lò ń wò? Máa tì í lọ! Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, má sùn o, máa dá ọkọ ẹ lóhùn!"

A gun òkè yẹn. Mi ò wo ibi òkúta yẹn nígbà tí a kọjá níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, mo gun kẹ̀kẹ́, ìyá mi ń sáré tẹ̀ lé wa láìwọ bàtà, arúgbó tó ń ké ẹ̀yìn ríro láràárọ̀! Wọn ò fọwọ́ sílẹ̀. Irin ń kérora, àwọn náà ń kérora, mi ò mọ̀yàtọ̀ mọ́. Mò ń pe Àbẹ̀kẹ́, ìyá mi ló ń gbà á sọ fún un pé, "Sọ pé o wà! Sọ ọ́!" Ó ń sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè rẹ̀ lásán ló ń mì.

Kẹ̀kẹ́ ò fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn títí a fi yọ sí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó pákó ló dúró fún wa, awakọ̀ sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n là á níkùn nílé ìwòsàn, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan jáde, pupa fòò, ó ń ké. Ìyá yín nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì ni ìyá mi dé ilé ìwòsàn. Aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́ méjèèjì. Rọ́bà ti ká kúrò níbi tí wọ́n ti di irin yẹn mú, irin sì ti bó wọn látẹ́lẹwọ́. Wọn ò kọ́kọ́ wo ọmọ. Èmi ni wọ́n dojú kọ.

"Ìgbà wo lo ti ṣe irin yẹn?"

"Ó ti pẹ́, Ìyá. Kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀."

Mo tẹ orí mi ba, mò ń dúró de èébú.

"O ṣeun tí o ò gbọ́ tèmi," ni wọ́n sọ. Wọ́n wá ní káwọn gbé ọmọ, ọwọ́ ò jẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ló tẹ́ ẹ sí wọn lẹ́sẹ̀.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ fẹ́ na irin yìí padà lẹ́yìn náà. Ìyá mi ò gbà, wọ́n ní kó wà bó ṣe wà. Àwọn ni wọ́n ń fi epo pa á, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wọn ló ń gbé. Ó sì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Láti abà dé abà, ọkùnrin á yọ sí wa, á ti làágùn, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní irin kòkó yín." Ìgbà mìíràn kì í ṣe àsìkò kòkó rárá. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè. Ìyá mi á ti dìde kó tó parí ọ̀rọ̀.

Tólú, gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi. Rọra. Ibi tó tẹ̀ yẹn, má wulẹ̀ gbìyànjú láti tún un ṣe. Ṣé ìyá yín ṣì ń dáná? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n pè é.

Adérónkẹ́! Adérónkẹ́ o!

Ẹ gbọ́ ọ? "Mo wà, Bàbá."